Ẹni Tó Ń Ro Ọṣẹ Kì Í Dáhùn

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n kọ́kọ́ pè é.

Ọ̀sán gangan ni, ìgbà tí òjìji ènìyàn máa ń sá wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Jemilat wà lẹ́yìnkùlé ilé bàbá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, igi ìroṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀. Ọṣẹ dúdú tó wà nínú ìkòkò kò tíì dì. Àdín àti omi eérú ṣì ń bá ara wọn jà, ìgbà yẹn gan-an ni ọwọ́ kò sì gbọdọ̀ dúró.

"Jemilat!"

Ohùn obìnrin ni, ó dún bí ohùn inú àmù, láti ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́yìn ògiri. Kò sí "Àǹtí" níwájú orúkọ náà, kò sí "ẹ kú iṣẹ́" lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ lásán ni, wọ́n fà á gùn. Ó ku díẹ̀ kí Jemilat jẹ́ "hẹ́ẹ̀n." Àṣà ilé wọn ló gbà á.

Nínú agboolé náà, ẹni tó ń ro ọṣẹ kì í dáhùn. Ì báà jẹ́ ọkọ rẹ̀ ló ń pè é, ì báà jẹ́ pé ilé ń jó, títí ọṣẹ yóò fi dì, ẹnu rẹ̀ di pípamọ́. Àlímọ̀t, ìyá rẹ̀, ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìyá tó bí Àlímọ̀t ló kọ́ òun náà. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló fà á, wọn á ní bí àwọn ṣe bá a nìyẹn, wọn á sì ní kí ẹ gbé eérú wá.

Ohùn náà tún pè é. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó sún mọ́ ògiri. Adìẹ tó ń tan ilẹ̀ lẹ́bàá ìkòkò fi àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sá wọlé. Jemilat di igi ìroṣẹ mú, ó ń rò, ẹ̀rù ń bà á láìmọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Lẹ́yìn náà, ohun gbogbo dákẹ́.

Nígbà tí ọṣẹ dì, ó lọ wo ọ̀nà tóóró náà. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ọdún kẹfà rèé tí ojú Ìyá Àlímọ̀t ti fọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ lè gbọ́ ìgbà tí eèrà bá ń kó ṣúgà.

"Màmá, ṣé ẹ gbọ́ ẹni tó ń pè mí?"

"Mo gbọ́. Ṣé o dáhùn?"

"Mi ò dáhùn."

"Alhamdulillahi."

"Ta ni, Màmá?"

Ìyá náà yí etí sí ọ̀nà tóóró náà. Ó ń fi ọwọ́ ra ẹní tó jókòó lé.

*

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ọ́fíìsì kan wà nítòsí Tinúbú tí wọ́n ń pè ní Ilé Ìrànwọ́ Oníṣẹ́ Ọwọ́. Iṣẹ́ wọn ni láti wá àwọn tó ń ṣe nǹkan kéékèèké nínú ilé rí, kí wọ́n sì fi ọ̀nà hàn wọ́n bí ọjà wọn yóò ṣe tóbi. Obìnrin ọlọ́ṣẹ méjì láti Ìsàlẹ̀ Èkó ló kọ fọ́ọ̀mù. Àyè ẹnì kan ló wà. Nígbà tí lẹ́tà dé, Jemilat ni ẹni àkọ́kọ́, Hàwáwù sì ni ẹni kejì.

Ohun tí lẹ́tà náà sọ kò lọ́jú pọ̀. Wọn yóò yá Jemilat ní ẹ̀rọ tó ń po ọṣẹ fún ogójì ọjọ́. Bí ó bá lè ṣe ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọṣẹ, tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, tí àwọ̀ wọn dọ́gba, àwọn ṣọ́ọ̀bù ńláńlá yóò kó o, ẹ̀rọ yóò di tirẹ̀, wọn yóò sì fún un ní ilé iṣẹ́ ní Ìkòròdú. Bí ogójì ọjọ́ bá kọjá tí kò pé, ẹ̀rọ náà yóò lọ sọ́dọ̀ ẹni kejì.

Ẹni kejì yìí kì í ṣe àjèjì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Hàwáwù nígbà tí wọ́n gbé e wá sí agboolé náà láti Ẹ̀pẹ́, lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. Àlímọ̀t ló gbà á. Àlímọ̀t ló fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, tó dì í nírun, tó gbé igi ìroṣẹ lé e lọ́wọ́. Hàwáwù ro ọṣẹ ilé náà fún ọdún méjìlélógún. Àpá omi eérú ṣì wà ní apá rẹ̀ méjèèjì títí di òní. Nígbà tí ojú Àlímọ̀t fọ́, àwọn ẹbí ṣèpàdé, wọ́n ní ọmọ bíbí inú ló ni ọṣẹ. Ọjọ́ yẹn ni Hàwáwù kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Jankara.

Mo mọ àwọn méjèèjì. Mo ti fi ọṣẹ àwọn méjèèjì wẹ̀, n kò sì mọ ìyàtọ̀. Àwọn nìkan ló mọ̀ ọ́n, ìyàtọ̀ tí wọ́n mọ̀ yìí ló sì ba ohun gbogbo jẹ́.

*

Ní ọjọ́ kejì ìpè àkọ́kọ́, Hàwáwù wà ní Jankara, lẹ́yìn ìsọ̀ Bàbá Rájí. Bàbá Rájí ń ta ewé, egbò àti awọ ẹran, àwọn tó bá sì mọ̀ ọ́n dáadáa mọ̀ pé ohun tó ń tà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Hàwáwù na ìkarahun ìgbín kékeré kan sí i. Ìda dúdú wà lára rẹ̀ tí wọ́n fi ń dí ẹnu rẹ̀.

"Kò dáhùn," Hàwáwù ní. "Ó ń ro ọṣẹ lọ́wọ́. Mo rò pé ẹ̀rọ ti dé."

"Ṣé ẹ̀rọ yóò dé?"

"Lọ́la."

"Kí ló wá ń dà ọ́ láàmú? Bí ẹ̀rọ bá ń rò ó, ta ni yóò máa pa ẹnu mọ́?" Bàbá Rájí kò gba ìkarahun náà. "Hàwáwù, ó ku ìgbà méjì. Ọ̀sán gangan, ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Bí ó bá ti dáhùn, o dí i. Má wẹ̀yìn."

"Ṣé ó máa pa á ni?"

"Mi ò sọ pé ó máa pa ẹnì kankan. Mo ní ó máa gbé ohùn tó bá dáhùn."

Hàwáwù ń wo àpá ọwọ́ rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ìkà lòun fẹ́ ṣe, ohun tó jẹ́ tòun lòun ń bèèrè. Bàbá Rájí ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn máa ń wí.

"Bí mo bá pè é lọ́jọ́ kẹta tí kò dáhùn ńkọ́?"

Bàbá náà mú awọ ọ̀bọ kan, ó ń gbọn eruku rẹ̀.

"Ìkarahun yẹn kì í ṣófo padà wálé," ó ní. "Ìwọ náà ní ohùn."

*

Ẹ̀rọ dé ní Ọjọ́bọ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ agboolé ń pariwo tẹ̀lé wọn. Ọpẹ́olúwa, ọmọ Èkìtì tí ọ́fíìsì Tinúbú rán wá, ló kọ́ Jemilat àti àwọn òṣìṣẹ́bìnrin rẹ̀ mẹ́ta bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó gbé òṣùwọ̀n kékeré kan sórí tábìlì.

"Madam, ẹ má fi ojú díwọ̀n mọ́. Ohun tí ẹ bá fi sí ọ̀kan, ẹ fi sí gbogbo ẹ̀. Ẹni tó ra ti òní àti ẹni tó máa ra ti Ọdún Iléyá, nǹkan kan náà ló gbọ́dọ̀ bá nínú ẹ̀. Bí ọjà kékeré ṣe ń di ńlá nìyẹn."

"Mo ti gbọ́, Àǹtí Ọpẹ́."

"Ẹ sì máa sọ̀rọ̀ o! Afusat òṣìṣẹ́ yín ní tí ẹ bá wà nídìí ọṣẹ, ẹ kì í fèsì. Ta ló máa wá máa darí iṣẹ́? Tí ṣọ́ọ̀bù bá pè yín lórí fóònù ńkọ́? Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti orí ẹní rẹ̀, Ìyá Àlímọ̀t bi wọ́n léèrè. "Ìkòkò tó ń dá ara ẹ̀ rò yìí, ta ló máa bá a pa ẹnu mọ́?"

Ọpẹ́olúwa ní kí Màmá má ṣèyọnu, ẹ̀rọ kò nílò ìyẹn. Jemilat náà gbà bẹ́ẹ̀. Ọkàn rẹ̀ fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ó ti rí ilé iṣẹ́ Ìkòròdú náà lójú àlá, ó ti rí orúkọ ìyá rẹ̀ lára páálí ọṣẹ.

*

Ìpè kejì dé ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ìṣẹ́gun mìíràn, ọ̀sán gangan. Ẹ̀rọ ń yí, Jemilat dúró tì í, ó ń sọ fún Afusat pé kó da omi eérú díẹ̀ sí i.

"Jemilat!"

Ẹnu rẹ̀ ti là. Kí ohùn tó jáde, bẹ́líìtì ẹ̀rọ já, ó ta gbàù, irin fò lu ògiri. Gbogbo wọn ké. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ohùn tó ń pè é ti lọ.

"Àǹtí, ẹnì kan ń pè yín níta," Afusat ní.

"Wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀."

Afusat lọ, ó padà wá. "Kò sí ẹnì kankan. Àmọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ń gbóná, Àǹtí. Mo wọ bàtà o, ó ń gbóná sí mi lẹ́sẹ̀."

Wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n ọṣẹ ọjọ́ náà kọ̀, kò dì. Igba ó lé àádọ́ta ni ì bá jẹ́. Nígbà tí wọ́n dà á sórí pákó, ó ń ṣàn kiri bí ògì, òórùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kejì kò yàtọ̀. Jemilat dúró lórí rẹ̀, ó ń sunkún. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló kù.

"Má lọ bá ẹnikẹ́ni," ìyá rẹ̀ sọ fún un. "Ṣe ohun tí mo kọ́ ọ. Pa ẹnu mọ́, kí o máa ṣe ọṣẹ rẹ."

"Màmá, èmi ni ọ̀gá iṣẹ́! Gbogbo ọjọ́ ni wọ́n ń pè mí. Ṣé mi ò ní í dá èèyàn lóhùn fún ogójì ọjọ́?"

"Dín iṣẹ́ náà kù, nígbà náà."

Jemilat wò ó bíi pé ìyá náà bú u.

*

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, ó gba Òkè Pópó lọ sọ́dọ̀ Àfáà Ikrimah. Àfáà náà jẹ́ arúgbó tín-ín-rín tí kì í wo obìnrin lójú. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó kọ orúkọ rẹ̀ àti nǹkan mìíràn sórí wàláà, ó fi omi fọ̀ ọ́ sínú àwo, ó sì fi omi náà po ọṣẹ kan tó tó ìkúùkù. Ó wé e sínú ewé.

"Jemilat, fi èyí wẹ orí rẹ fún àárọ̀ méje. Ẹni tó bá pè ọ́ fún ibi, ohun tó wà nínú èyí ni yóò dúró níwájú rẹ."

"Ẹ ṣeun, Àfáà. Ọlọ́run á gbọ́ tiyín."

"Orí kan ṣoṣo ló wà fún. Ṣé o gbọ́? Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá ọ lò ó."

Ó ní òun gbọ́. Òótọ́ ni, ó gbọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, tó rí pákó ọṣẹ tó ń ṣàn kiri, èrò mìíràn wọ inú rẹ̀. Ọṣẹ Àfáà yóò ṣọ́ orí òun. Ta ni yóò ṣọ́ iṣẹ́ òun? Kí ni àǹfààní orí tó wà láàyè bí ẹ̀rọ bá lọ sílé Hàwáwù? Ó ti mọ̀ pé Hàwáwù ni. Ta ni ì bá tún jẹ́? Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Mo fẹ́ kí ẹ rí i bí ó ṣe ṣe é, torí ó ṣe é dáadáa, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó gbé ọṣẹ Àfáà sórí òṣùwọ̀n Ọpẹ́olúwa. Ó fi ọ̀bẹ fá a, ó pín in sí ọ̀nà ogún, torí ìgbà ogún ni ẹ̀rọ yóò po kí ẹgbẹ̀rún márùn-ún tó pé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan dọ́gba, kò sí èyí tó fi bín-ín-tín ju èkejì lọ. Gbogbo ọṣẹ tó ti ṣe tẹ́lẹ̀, ó yọ́ wọn padà sínú ẹ̀rọ kí tiwọn náà lè wà níbẹ̀. Ohun tí ẹ bá fi sí ọ̀kan, ẹ fi sí gbogbo ẹ̀.

*

Ọṣẹ náà dì. Ó dì ju bí ọṣẹ ilé náà ti ń dì tẹ́lẹ̀ lọ, ó dúdú, ó ń dán. Ọpẹ́olúwa gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó pàtẹ́wọ́.

Nínú agboolé náà, ọṣẹ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gé, ti ìyá ni. Jemilat fúnra rẹ̀ ló fi wẹ Ìyá Àlímọ̀t láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń bu omi sí i lẹ́yìn, ó ń fi kàn-ìn-kàn-ìn rọra ha á. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Etí àwọn ọṣẹ tí wọ́n gé dànù, Afusat àti àwọn òṣìṣẹ́ yòókù kó o lọ sílé.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọmọ agboolé kan pe Jemilat láti ojúde pé kó wá gba kẹrosíìnì. Obìnrin mẹ́ta ló dìde nídìí iṣẹ́.

"Ẹ má bínú," Afusat ní, ojú ń tì í. "Mo rò pé èmi ni wọ́n pè."

"Èmi náà," ẹnì kejì ní.

Wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Jemilat bá wọn rẹ́rìn-ín títí ó fi rí ìyá rẹ̀. Ìyá Àlímọ̀t ti fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó fẹ́ dìde lórí ẹní, ó kọ ojú sí ojúde.

"Màmá, níbo lẹ ń lọ?"

"Wọ́n ń pè mí," arúgbó náà ní.

*

Hàwáwù kò tètè lọ fún ìgbà kẹta. Ẹ̀rù ti ń bà á. Ní òru kò lè sùn, ní ọ̀sán kò lè jẹun. Ìkarahun tó wà nínú àpò rẹ̀ ti wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́jọ́ kan tó ń ta ọjà fún obìnrin kan ní ìsọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ dá gé, kò padà títí wọ́n fi kírun Àsárì. Ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìyẹn sì ni ọjọ́ tí oṣù ku ọjọ́ méjì kó parí.

Ní ọ̀sán gangan ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó dúró sí ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́yìn ògiri ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ó rántí ibi tí òun àti Ìyá Àlímọ̀t máa ń sá eérú sí. Ó rántí pé nígbà tí òun kọ́kọ́ dé, tí òun ń sunkún ìyá òun lóru, ọwọ́ Àlímọ̀t ni òun máa ń fi ṣe ìrọ̀rí. Ó fẹ́ padà. Kí ó padà síbo? Sí ọ̀dọ̀ Bàbá Rájí, tí yóò sọ fún un pé ìwọ náà ní ohùn?

Ó gbé ìkarahun sí ẹnu.

"Jemilat!"

Kò sí ìdáhùn. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀fun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un.

"Jemilat!"

"Hẹ́ẹ̀n! Mo ń bọ̀!"

Ohùn obìnrin ni, ó dún ketekete láti inú ilé. Hàwáwù tẹ ìda mọ́ ẹnu ìkarahun náà pẹ̀lú àtàǹpàkò méjèèjì, ó tẹ̀ ẹ́ títí èékánná rẹ̀ fi wọ inú ìda. Ọ̀fun rẹ̀ tú. Ó mí sínú, ó mí síta. Lẹ́yìn náà ló wá mọ ohùn ta ni.

Ó sáré yí ògiri ká, ó gba ojúde wọlé, ó ń ké, "Ìyá! Ìyá mi o!"

*

Nínú ilé, Jemilat dúró láàárín àwọn páálí. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ti pé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó gbọ́ ìpè náà, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó rí Afusat tó yíjú, tó la ẹnu. Ó rí àwọn méjì yòókù tí ẹnu wọn là pẹ̀lú, tí wọ́n kọ ojú sí ibì kan náà. Ohun tó ṣe yé e lójú ẹsẹ̀: gbogbo ẹni tó fi ọṣẹ náà wẹ̀ ló ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ló yá ju gbogbo wọn lọ. Arúgbó náà gbé orí sókè, ó dáhùn, ohùn rẹ̀ le bí ohùn ọmọge. Lẹ́yìn náà, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí ẹní, ó sì dákẹ́. Kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ti lọ. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọmọ ọgọ́rin ọdún ó lé ni, ta ló máa bá a jiyàn? Wọ́n sin ín lẹ́yìn ìrun Àsárì.

*

Ọjọ́ fídáù ọjọ́ kẹta ni lọ́rì wá kó ọṣẹ. Ẹní ṣì wà nílẹ̀ lójúde, àwọn àfáà ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Hàwáwù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri, níbi tó máa ń padà sí láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn ará ilé rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹun.

Jemilat lọ dúró níwájú rẹ̀.

"Èmi lẹ pè."

"Ìwọ ni mo pè." Hàwáwù la ọwọ́. Ìkarahun náà wà níbẹ̀, dídí. "Ìyá ló dáhùn."

"Ẹ tú u sílẹ̀."

"Kò ṣe é tú. Mo ti padà lọ bẹ Bàbá Rájí ní Jankara. Ó ní kò ṣe é tú." Hàwáwù gbé ojú sókè. "Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń pa mí fún ọ. Ó lé ní ogún ọdún tí Ìyá fi gbọ́ ohùn mi nínú ilé yìí. Ó mọ̀ pé èmi ni. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti mọ̀. Ó mọ̀ pé èmi ni mo ń pa ọ́, ó sì gbà á sára."

"Irọ́ ni!" Jemilat ní. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ ọṣẹ Àfáà fún un. Ó ní ọṣẹ ló dáhùn, kì í ṣe Ìyá. Ọṣẹ ni. Ó sọ ọ́ tó ìgbà mẹ́ta.

Èwo ló jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì? Ẹ má bi mí. Èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè gbé ló gbé, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí èyí tó fúyẹ́.

Hàwáwù dì í mú lẹ́sẹ̀. "Tó bá jẹ́ bó o ṣe sọ ọ́ nìyẹn, má jẹ́ kí wọ́n kó ọṣẹ yẹn. Mo bẹ̀ ọ́. Dà á sínú ọ̀sà. Ayé kún fún ọ̀tá, ẹlòmíràn ṣì máa pè ọ́ lọ́jọ́ kan. Ta ló máa dáhùn?"

Ọpẹ́olúwa ti ń bọ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. "Madam, ẹ kú ìfaradà o. Ọlọ́run á tẹ́ Màmá sí afẹ́fẹ́ rere. Mo bẹ̀ wọ́n títí ní ọ́fíìsì pé kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú fún yín. Wọ́n ní rárá, tó bá kọjá òní, ó di ti ẹni kejì."

"Mi ò fẹ́ ẹ mọ́," Hàwáwù ní. "Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò fẹ́ ẹ."

Jemilat yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Hàwáwù. Kò gbà á gbọ́. Lẹ́yìn náà, ó wo àwọn páálí tí wọ́n tò dé àjà. Bí ó bá dà wọ́n sínú ọ̀sà, yóò ku òun nìkan pẹ̀lú orí kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá kó wọn lọ sí CMS, sí Ìkejà, sí Ìbàdàn, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ẹnu ni yóò wà láàárín òun àti ẹni tó bá pe orúkọ òun. Ó rò nípa àwọn ẹnu náà. Ó mọ̀ pé àwọn ìyá kan yóò fi wẹ ọmọ ọwọ́. Ó rò ó dé òpin, kò ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ẹ̀rù ikú bà á ju ẹ̀rù Ọlọ́run lọ.

"Níbo ni mo ti máa fọwọ́ sí i?"

Ọpẹ́olúwa fi hàn án. Ó fọwọ́ sí i. Àwọn ọkùnrin lọ́rì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé páálí lé orí, wọ́n ń gba orí ẹní fídáù kọjá.

Hàwáwù dìde, ó la ẹnu láti pè é. Orúkọ náà dé eyín rẹ̀. Ó wo àwọn páálí, ó wo Afusat lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara rẹ̀.

"Ohun kan ṣì kù," Ọpẹ́olúwa ní, ó ń ká ìwé. "Wọ́n ní kí n bi yín bóyá ẹ lè ṣe jù báyìí lọ lóṣù tó ń bọ̀."

"Ẹ sọ fún wọn pé mo lè ṣe ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá," Jemilat ní. "Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Àfáà ní Òkè Pópó."